Hilux dísù mi ń yọ èéfín funfun láàárọ̀, mẹ́káníìkì ní kí n pààrọ̀ nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àgbẹ̀_ÒkèIhò · Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ fojú fo àṣìkọ mi, abẹ́ àtíbàbà oko ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́.

Hilux 2.5 D-4D ni mo ní, ti ọdún 2008, ẹ́ńjìnnì 2KD. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti Òkè-Ihò gba Ìṣẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn, kó tún gbé ajílẹ̀ bọ̀. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tó jẹ́ pé bí mo bá kíìkì rẹ̀ láàárọ̀, á yí títí kó tó dáhùn. Bó bá wá dáhùn tán, èéfín funfun á bo gbogbo àgbàlá, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, á máa dún kó-kó-kó. Bó bá ti rin bíi ogún ìṣẹ́jú, ara rẹ̀ á balẹ̀, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ṣùgbọ́n dísù tó ń mu ti pọ̀ sí i, mo sì mọ̀ ọ́n lápò.

Mẹ́káníìkì mi ò tíì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró tán tó fi sọ pé nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tó ń tú dísù sínú sìlíńdà, ti kú. Iye tó pe tuntun, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀. Ó ní bí agbára mi ò bá gbé e, kí n lọ ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó lọ ra Belgium, àlòkù tó ti òkè òkun dé. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kú lẹ́ẹ̀kan náà ni? Ṣé ọ̀nà wà tí mo fi lè mọ èyí tó kú kí n tó náwó? Bí mo bá sì pààrọ̀ wọn, kí ni mo máa ṣe tí wọn ò fi ní tún kú lọ́dún tó ń bọ̀?

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́Sàn · 8:21 alẹ́

Ẹ ta Hilux, ẹ ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kò ní nọ́sù, kì í mu dísù, koríko ẹ̀bá ọ̀nà ló ń jẹ.

BàbáNọ́sù · 9:02 alẹ́

Ọ̀gá àgbẹ̀, ẹ kú ìrìn oko. Iṣẹ́ nọ́sù ni mo fi tọ́ ọmọ níhìn-ín ní Ìbàdàn, láti ayé Hilux àtijọ́ tó ń lo ẹ́ńjìnnì 2L àti 5L. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè kú pọ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n bá kú pọ̀, ohun tí wọ́n jọ mu ló pa wọ́n: omi tàbí ìdọ̀tí tó bá dísù wọlé. Bó bá jẹ́ ogbó lásán, ẹyọ kan tàbí méjì ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Àmọ́ àìsàn tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, tó ń dé láàárọ̀ tó sì ń lọ bí ọkọ̀ bá gbóná, kì í ṣe nọ́sù nìkan ló ń fà á. Hítà pọ́lọ́ọ̀gì, èyí tó ń mú inú sìlíńdà gbóná kí ọkọ̀ tó dáhùn, bó bá kú, ó lè fà á. Fílítà tó ti dí lè fà á. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í rántí rárá ni wọ́ṣà bàbà tó wà lábẹ́ nọ́sù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wọ́ṣà yẹn, torí òun ló ń pa ẹ́ńjìnnì 2KD àti 1KD ju bí nọ́sù fúnra rẹ̀ ṣe ń pa á lọ. Orí wọ́ṣà kékeré kan ni ìdí nọ́sù jókòó lé nínú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, kí iná tó ń jó nísàlẹ̀ má bàa gun òkè. Nínú ọkọ̀ mìíràn, bí wọ́ṣà bá jò, ẹ ó gbọ́ ọ lóde, á máa fọn fì-fì, ẹ ó sì rí ìdọ̀tí dúdú nídìí nọ́sù. Ti Toyota yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n de nọ́sù mọ́, nítorí náà inú ẹ́ńjìnnì ni ẹ̀fúùfù gbígbóná yẹn máa ń jò sí. Á pàdé ọ́ìlì níbẹ̀, á sun ún di nǹkan dúdú bí ọ̀dà, ọ̀dà yẹn á wálẹ̀ sínú sọ́ọ̀mpù, abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á lọ dí asẹ́ tí pọ́ńpù ọ́ìlì fi ń fà. Lọ́jọ́ tí asẹ́ bá dí pátápátá, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Wọ́ṣà tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ló máa fà á.

Ohun tí ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀: ẹ tan ọkọ̀, ẹ ṣí ìdérí ibi tí ẹ ti ń da ọ́ìlì sí. Èémí díẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́. Bó bá ń tú èéfín puf-puf-puf bí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, ẹ fura. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ẹ̀rúnrún dúdú. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ: ṣé ọ́ìlì ń ga sí i dípò kó máa lọ sílẹ̀? Ṣé ó ń rùn dísù? Ìkẹyìn, iná ọ́ìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ẹ bá kíìkì, ṣé kíá ló ń kú àbí ó ń lọ́ra? Bó bá ń lọ́ra, ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn lọ Ìbàdàn mọ́ títí tí ẹ ó fi tú sọ́ọ̀mpù.

Ríwáyà_Mushin · 9:40 alẹ́

Bàbá ti sọ ti wọ́ṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kọ̀ǹpútà.

Sikáànù kékeré tí wọ́n ń tà lójú títì, tó rí bíi páálí ìṣáná, kò lè ka ohun tí ẹ nílò. Ẹ wá ríwáyà tó ní èyí tó ń wọ inú Toyota dáadáa. Techstream, ti ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀, ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pa A/C, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ẹ́ lójú kan, kí ó wá ibi tí wọ́n kọ Injection Feedback Val sí, láti 1 dé 4. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń wo ọwọ́ tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ń rọ, á bu dísù kún tiẹ̀. Èyí tó bá ń lágbára jù, á bù kúrò lára tiẹ̀. Bí nọ́ńbà bá wà láàrin −3 sí +3, kò séwu. Bó bá ti ń lọ sí 5, wàhálà wà ní sìlíńdà yẹn.

Àmọ́ o, kò sọ pé nọ́sù ló bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé sìlíńdà yẹn ò ṣiṣẹ́ bí àwọn yòókù. Kọ̀mpíréṣọ̀n tó ti lọ sílẹ̀ máa ń gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ ní kí wọ́n wọn kọ̀mpíréṣọ̀n láti ojú ihò hítà pọ́lọ́ọ̀gì kí ẹ tó dá nọ́sù lẹ́bi.

Nǹkan kejì: bí ọkọ̀ bá ń kú lójijì bí ẹ bá dé bọ́ọ̀ǹpù, tí ìdúró rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí kóòdù àṣìṣe P1229 sì jáde lórí sikáànù, ẹ wo fáàfù SCV tó wà lára pọ́ńpù dísù. Òun ló ń pín iye dísù tí pọ́ńpù máa tì. Owó rẹ̀ ò tó ti nọ́sù kan, bóòtù méjì ló dè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti rí tó pààrọ̀ nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó tún wá pààrọ̀ SCV nígbẹ̀yìn, kí ọkọ̀ tó gbọ́ràn.

Nǹkan kẹta, ọ̀rọ̀ Belgium. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ wo orí nọ́sù náà: lẹ́tà àti nọ́ńbà 30 ló wà níbẹ̀. Kóòdù ẹyọ nọ́sù yẹn nìyẹn, kò sí méjì tó jọra. Ilé iṣẹ́ ti wọn bí ó ṣe ń tú dísù sí, wọ́n sì fi kóòdù yẹn sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí wọ́n bá fi nọ́sù sí láìtẹ kóòdù rẹ̀ sínú ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé èyí àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, á máa bu dísù fún un bí ìyàwó tó ń bu oúnjẹ fún ọkọ tó ti rìnrìn àjò. Nọ́sù tí wọ́n ti ha kóòdù orí rẹ̀ dànù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Kí ẹ tó mú un kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ya fọ́tò kóòdù yẹn, torí bí ó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì tán, kíkà á ò rọrùn mọ́.

ỌmọÌjẹ̀bú_Leeds · 10:15 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Gáréèjì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ọkọ̀ dísù la ń rí jù.

Bí a ṣe ń mọ nọ́sù tó ti ń jò nínú: a máa yọ rọ́bà tó ń dá dísù padà sí tánkì, a máa so rọ́bà tín-ín-rín mọ́ orí nọ́sù kọ̀ọ̀kan, a máa ki ẹnu wọn bọ ìgò mẹ́rin tó ṣe é rí inú rẹ̀. A ó tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí ìgò rẹ̀ bá kún ju ti àwọn yòókù lọ, nọ́sù yẹn ń dá dísù padà jù, pírẹ́ṣọ̀ ò lè dúró fún un. Òun náà ló máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ yí títí kó tó dáhùn.

Mo bẹ̀ yín, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Láyé nọ́sù àtijọ́, àwọn ọ̀gá wa máa ń tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi mọ èyí tó kú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lára D-4D láé. Bí ọkọ̀ bá kàn dúró jẹ́ẹ́, pírẹ́ṣọ̀ inú páìpù yẹn tó 300 bar, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó lé ní 1,000. Dísù tó bá jáde lójú ihò tín-ín-rín níbẹ̀ á gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Kì í dùn ènìyàn púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ojú ihò kékeré kan lẹ máa rí, ṣùgbọ́n ìka tàbí ọwọ́ odindi lè lọ sí i. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ó fi róbì pa á, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ fún dókítà pé dísù ló gún òun wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ wá ibi tó ń jò, páálí ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe ọwọ́.

BàbáNọ́sù · 10:31 alẹ́

Ọmọ Ìjẹ̀bú, o káre. Ọ̀rọ̀ páìpù yẹn, kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ti ìgò mẹ́rin, ọkọ̀ tí ẹ ń ṣe lọ́hùn-ún ló gbà á. Lára 2KD yìí, abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ni páìpù tó ń dá dísù padà wà pẹ̀lú, kò sí ibi tí ẹ ó so ìgò mọ́ lóde. Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè bóyá ọ́ìlì ń ga: bí páìpù yẹn bá jò, inú ọ́ìlì ni dísù ń lọ tààrà. Orí ẹ̀rọ kalibiréṣọ̀n la ti ń dán nọ́sù 2KD wò. Ẹ tú u, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ti common rail, irú ètò dísù tí D-4D ń lò, kì í ṣe ẹni tó ní pọ́ńpù ọlọ́wọ́ tí a fi ń dán nọ́sù 5L wò. Ti 5L yẹn, bíi 150 bar ló fi ń ṣí. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀ dán D-4D wò fún yín, ẹ má sanwó fún un.

Àlàájà_Ọkọ̀Mẹ́ta · Ajé, 6:05 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ ti nọ́sù, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí bàbá yìí ti ń ra dísù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo ní Hilux mẹ́ta tó ń kó ẹrù fún àwọn tó ń kọ́lé níbí ní Ìlọrin. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, nọ́sù mẹ́fà ni mo sin. Ilé epo kan ló ń ta dísù fún mi ní gbèsè, mo sì ń rò pé oore ló ń ṣe mí. Lọ́jọ́ kan ni mo bu dísù wọn sínú ìgò omi tó mọ́, mo gbé e sójú fèrèsé di ọjọ́ kejì. Omi ló jókòó sísàlẹ̀, ó lé ní ìka kan, dísù wá léfòó lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, awakọ̀ mi kì í ra dísù láìsí ìgò nínú ọkọ̀.

Ohun tí mo ti kọ́ nìyí. Bí táńkà bá ń já epo ní ilé epo lọ́wọ́, ẹ wakọ̀ kọjá, torí gbogbo pàǹtí ìsàlẹ̀ tánkì wọn ló ti rú sókè yẹn. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ dán an wò kí ẹ tó kún tánkì, torí omi ń wọ tánkì inú ilẹ̀. Dísù tó bá mọ́ á jẹ́ kí ẹ rí ìka yín lódìkejì ìgò. Èyí tó bá ṣú bí omi ògì, omi wà nínú rẹ̀. Èyí tó dúdú tó sì ń rùn bí ẹ̀fọ́ tó jóná, tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, iná igbó ni wọ́n fi sè é lọ́hùn-ún létí òkun, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ èrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti da kẹrosíìnì sí: pọ́ńpù àti nọ́sù ò ní ọ́ìlì mìíràn tó ń bá wọn yọ̀ lára àfi dísù tó ń gba inú wọn kọjá, kẹrosíìnì ò sì yọ̀ tó. Ńṣe ni irin á máa jẹ irin.

Ẹ má jẹ́ kí tánkì gbẹ dé ìsàlẹ̀. Ẹ kún un nírọ̀lẹ́ bí agbára bá wà, kí ìrì má rí àyè dì sínú rẹ̀. Bí iná fílítà bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ dúró, omi ti kún ìdí fílítà nìyẹn: ẹ tú bóòtù ike tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣàn títí dísù tó mọ́ á fi jáde, ẹ dè é padà. Àwọn awakọ̀ kan máa ń yọ wáyà iná yẹn kó má bàa máa dà wọ́n láàmú! Mo ti lé ọ̀kan kúrò níṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Ọ̀gá àgbẹ̀, níbo lẹ ti ń ra tiyín?

Ará_Kétu · 6:48 àárọ̀

Ẹ ǹlẹ́ o, láti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Àwa ń pè é ní gásóìlì níbí. Èyí tí wọ́n ń kó sínú ìgò gíláàsì ńlá lẹ́bàá ọ̀nà, ìgò rẹ̀ ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tó gbé e kọjá bodè ni kí ẹ bi léèrè. Mo ní Mitsubishi L200. Lẹ́yìn tí nọ́sù kejì kú, mo fi fílítà kan kún un láàrin tánkì àti fílítà ilé iṣẹ́, èyí tó ní abọ́ gbangba nísàlẹ̀ tí mo lè rí omi nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mi dè é ní kí n lo ti 30 máíkírọ́ọ̀nù (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mílímítà kan), kí ti ilé iṣẹ́ tó já fáfá ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ṣe iṣẹ́ tó kù. Bó bá jẹ́ èyí tó fún jù la fi síwájú, á máa dí kíákíá, pọ́ńpù á sì máa fà láìrí. Láràárọ̀ ni mo ń wo abọ́ yẹn bí mo ṣe ń wo ojú ọ̀run.

Àgbẹ̀_ÒkèIhò · Ọjọ́rú, 7:50 alẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ó pẹ́ kí n tó padà torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oko.

Àlàájà, ojú tì mí láti dá yín lóhùn. Inú dúrọ́ọ̀mù lóko ni mo ti ń bu dísù. Mo máa ń rà á lọ́pọ̀ nígbà tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀, mo fi ń tan ẹ̀rọ tó ń rin gàrí, mo fi ń kún ọkọ̀. Rọ́bà tí mo fi ń fà á, ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù ló máa ń dé.

Mo ṣí ìdérí ọ́ìlì bí Bàbá ṣe wí. Ó ń puf-puf, mo sì rí ẹ̀rúnrún dúdú. Iná ọ́ìlì ń lọ́ra díẹ̀. Ríwáyà kan ní Ìṣẹ́yìn bá mi fi sikáànù wò ó: 1 jẹ́ +0.6, 2 jẹ́ −2.1, 3 jẹ́ +4.7, 4 jẹ́ −3.2. Kò sí P1229. Kọ̀mpíréṣọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ra. Mo ti gbé ọkọ̀ dúró. Ìbéèrè mi ni pé bí wọ́n bá fẹ́ tú u, kí ni kí n máa ṣọ́? Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú ṣe é lójú mi.

BàbáNọ́sù · 8:33 alẹ́

Sìlíńdà 3 ló ń ké yẹn. Mẹ́ta yòókù lè máà ní nǹkan kan ju wọ́ṣà lọ. Ẹ gbé ìjókòó síbẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n.

Kí sípánà tó kan ọkọ̀, kí wọ́n fọ orí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì fi kọ̀mpirẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ gbẹ. Àlàfo tó wà láàrin irin méjì nínú nọ́sù yẹn kò ju máíkírọ́ọ̀nù 2 sí 3 lọ. Irun orí yín nípọn tó 70. Yanrìn ọ̀nà oko yín, òkúta ńlá ni níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ páìpù kan, kí wọ́n fi nǹkan tó mọ́ dí ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àti ẹnu nọ́sù, àti ẹnu rélì, irin gígùn tó ń pín dísù fún àwọn nọ́sù. Ọ̀rá tó mọ́ àti rọ́bà ni kí wọ́n fi dí i. Àkísà ò dáa, fọ́nrán rẹ̀ nìkan á dí nọ́sù tuntun. Kí wọ́n sàmì sí nọ́sù 1, 2, 3, 4, kí wọ́n má gbé wọn ṣípò, nítorí kóòdù.

Nọ́sù tó bá lẹ̀ mọ́ inú tọ́ọ̀pù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sukudiráfà dábùú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí wọ́n fọ́n oògùn ìpata sí i, kó sùn di ọjọ́ kejì, kí wọ́n máa yí i díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ afàgbá fà á sókè gbọnrangandan.

Ibi tí gbogbo ayé ti ń kùnà rèé: bí nọ́sù bá jáde, wọ́ṣà àtijọ́ lè ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ihò. Mo ti rí i tí wọ́n gbé tuntun lé àtijọ́ lórí, wọ́ṣà méjì, nọ́sù ò wá jókòó mọ́. Kí wọ́n tan iná wo ihò náà. Kí wọ́n ha kábọ́ọ̀nù ìdí ihò kúrò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kí ibẹ̀ máa dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun, kí wọ́n fi gíríìsì sí orí búrọ́ọ̀ṣì kó lè gbé pàǹtí jáde, kó má bàa já sórí písítíìnì. Wọ́ṣà tuntun ni fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti èyí tí ẹ ò pààrọ̀ nọ́sù rẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n sun wọ́ṣà àtijọ́ níná kí wọ́n ní ó ti rọ̀. Rọ́bà róńdó àti ṣíìlì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà pẹ̀lú. Páìpù tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, tuntun ni. Kí wọ́n fi tọ́ọ̀kì sípánà, èyí tó ń wọn bí a ṣe dè é le tó, de bóòtù nọ́sù sí iye tí ìwé ọkọ̀ wí. "Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n" ló ń mú kí wọ́ṣà tún jò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Kí wọ́n tó dé tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà padà, kí wọ́n fi ẹ̀fúùfù díẹ̀ sínú páìpù tó ń dá dísù padà, kí wọ́n fi omi ọṣẹ kan oríkèé rẹ̀. Bó bá hó, ó ń jò.

Lẹ́yìn náà, sọ́ọ̀mpù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín lọ́jà oògùn tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì láti fọ inú ẹ́ńjìnnì. Á tú ọ̀dà yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, á gbé e lọ sí asẹ́ tààrà. Kí wọ́n tú sọ́ọ̀mpù, kí wọ́n yọ asẹ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lójú yín. Ọ́ìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, kó má ju 1,000 kìlómítà lọ kí ẹ tó dà á nù.

Fílítà dísù tuntun, ẹ má bu dísù láti inú kẹ́ẹ̀gì kún un. Pọ́ńpù ọlọ́wọ́ wà lórí ilé fílítà yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le, kí ẹ tó kíìkì.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́Sàn · 8:50 alẹ́

Gbogbo èyí nítorí ẹ̀gẹ́.

Awakọ̀_Ṣàgámù · 9:12 alẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni pé bí a bá da ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ kékeré "I better pass my neighbour" díẹ̀ sínú tánkì dísù, nọ́sù á pẹ́?

Àlàájà_Ọkọ̀Mẹ́ta · 9:20 alẹ́

Èmi ń dà á, bíi ìdérí mélòó kan sí tánkì kún. Ọkọ̀ mi ń dákẹ́ sí i.

BàbáNọ́sù · 9:27 alẹ́

Àlàájà, dídákẹ́ kì í ṣe àlàáfíà. Ẹ ti ń ra dísù tó mọ́, ẹ ń pààrọ̀ fílítà lásìkò, ìyẹn ló ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì kékeré yẹn ló wá ń gba ọpẹ́. Mi ò rí nọ́sù tó ti ipa rẹ̀ bàjẹ́ rí, mi ò sì rí èyí tó gbà là.

Àlàájà_Ọkọ̀Mẹ́ta · 9:29 alẹ́

Màá ṣì máa dà á.

ỌmọÌjẹ̀bú_Leeds · 9:41 alẹ́

Ọkọ̀ tó bá ní DPF, asẹ́ tó ń gba èérí inú èéfín, ẹ má dà á sí i o. Eérú rẹ̀ á ṣẹ́kù síbẹ̀. Hilux 2008 ti Nàìjíríà ò ní in, kò kan ọ̀gá àgbẹ̀. Pẹtiróòlù ni kí ẹ sá fún jù, àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ẹ ti lò tán tí àwọn kan máa ń dà padà sí tánkì kó má bàa ṣòfò.

Àgbẹ̀_ÒkèIhò · Àìkú kejì, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, mo ti dé o.

Ìbàdàn ni mo gbé e lọ, wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ. Mo jókòó tì wọ́n lóòótọ́, ọ̀gá ibẹ̀ bi mí bóyá ọlọ́pàá ni mí. Wọ́ṣà 2 àti 4 ti jó, bí ẹni fi eyín gé wọn létí. Nọ́sù 3 nìkan ló kùnà lórí ẹ̀rọ, ńṣe ló ń kán tó-tó-tó nígbà tó yẹ kó pa ẹnu dé. Mẹ́ta yòókù yege. Ẹyọ kan ni mo rà, tuntun, wọ́n tẹ kóòdù rẹ̀ sínú ọkọ̀ lójú mi. Asẹ́ ọ́ìlì wá ńkọ́? Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó ti dí. Bí mo bá ti gba Belgium mẹ́rin bí mẹ́káníìkì mi ṣe wí, tí wọ́n gbé e lé wọ́ṣà àtijọ́, Bàbá, ẹ mọ ibi tí ǹ bá wà báyìí.

Sikáànù tuntun: +0.4, −0.9, +0.7, −0.2. Ní àárọ̀ òní, ìyí kan ló yí tó dáhùn. Ìyàwó mi ló pè mí pé ṣé mi ò tíì tan ọkọ̀ ni, torí kò rí èéfín.

Àlàájà, mo dojú dúrọ́ọ̀mù yẹn délẹ̀. Omi, ìpata, àti aláǹgbá kan. Mo ti ra tuntun, mo gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, mo lu ihò ẹ̀rọ ìfà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ga tó ìbú ọwọ́ sí ìsàlẹ̀. Dísù tó bá dé, á kọ́kọ́ sùn ọjọ́ kan níbẹ̀ kí n tó bu.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́Sàn, mo tiẹ̀ bi wọ́n léèrè kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ́jà Ṣakí. Ẹni tó ń tà á ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ń dùn ún láàárọ̀, àmọ́ bó bá ti gbóná, á rìn.